Orí Kẹrin: Went Kì í Ṣe Ọmọ Go

Kì í pẹ́ kí etí ọmọ tí wọ́n bí sí Ìṣẹ̀rì Olówóra tó kún fún èdè. Yorùbá ni ti ilé, àgàgà bí ìyá àgbà tó ṣì ń sọ ẹ̀ka èdè Àwórì bá wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀n ọ́n lọ sí Ketu tàbí ọjà Mile 12, àwọn tó ń já tòmátì àti àlùbọ́sà Òkè-Ọya sílẹ̀ ń sọ Haúsá, oníbàárà ń fi pijin nájà, kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe Berger sì ń po gbogbo rẹ̀ mọ́ra wọn. Nígbà tó bá tó ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń dúró dè é. Kò ní ju ọdún kan sí méjì lọ tí yóò fi wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé: “Mummy, the water comed inside our class.” Ní àdúgbò tí odò Ògùn ti ń kún dé ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn nígbà òjò, ọ̀rọ̀ tó ṣeé sọ ni.

Àwọn ará ilé á rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tó bá le á fa ọmọ náà létí. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ ní comed? Bàbá rẹ̀ kò sọ ọ́ rí, tẹlifíṣọ̀n kò sọ ọ́, kò sí nínú ìwé tí wọ́n rà fún un. Ohun tí etí kò gbọ́ rí kò ṣeé fara wé. Inú ọpọlọ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde wá, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ti ń bá ara wọn jiyàn lórí irú àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún wá.

Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí ara ọ̀rọ̀-ìṣe padà bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Walk á di walked, wash á di washed, cook á di cooked. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gba -ed yìí láìjanpata, títí kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀: ẹni tó fi Google wá nǹkan lánàá ti googled. Onígbọràn ni màá máa pè wọ́n nínú orí yìí. Nǹkan bí 180 wà tí kò gbà. Go di went, come di came, sing di sang, buy di bought, put kò tilẹ̀ mira rárá. Àwọn wọ̀nyí ni olóríkunkun.

Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ló gba ipò ọlá. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́wàá tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù lọ ni be, have, do, say, make, go, take, come, see àti get, olóríkunkun sì ni gbogbo wọn. Kì í ṣe èèṣì. Ní 2007, Erez Lieberman, Jean-Baptiste Michel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Harvard gbé àbájáde kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n kó ọ̀rọ̀-ìṣe olóríkunkun 177 jọ láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó di Gẹ̀ẹ́sì ayé akéwì Chaucer, 145 nínú wọn ló ṣì ń ṣorí kunkun. Lónìí, ó ku 98. Èyí tí ẹnu kì í sábà gbé ló ń tètè juwọ́ sílẹ̀ fún -ed. Holp ni àná help, ìyẹn ẹ̀dà rẹ̀ fún ohun tó ti kọjá, nígbà kan rí. Helped ló kù báyìí. Went ní tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ go rárá. Ọmọ wend ni, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Go ló gbà á tọ́. Nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é, kò sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìdánwò hàn pé òfin wà nínú orí ọmọdé ni Jean Berko, ní 1958. Ó ya àwòrán àwọn nǹkan tí kò sí láyé àti àwọn èèyàn tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò lórúkọ, ó sì fi hàn àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje ní Amẹ́ríkà. Ó sọ fún wọn pé ọkùnrin inú àwòrán yìí mọ bí wọ́n ṣe ń rick, pé ó ṣe é lánàá pẹ̀lú, ó wá bi wọ́n léèrè ohun tó ṣe lánàá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dáhùn pé ricked. Wọn kò lè ti gbọ́ ọ rí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó kan gling, glinged ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọdé tó dáhùn sọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bi ní ìbéèrè kan náà ń sọ glang tàbí glung, nítorí sang àti rang ti kún orí wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn olóríkunkun náà ní ẹbí, wọ́n sì ń jọra wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí ni pé àṣìṣe náà kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ máa sọ came bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, comed á yọjú. Lẹ́yìn náà, came á padà dé, kò sì ní lọ mọ́. Ìyá tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ọmọ òun ń rẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ń tẹ̀ síwájú ni: ó ti rí òfin, ó sì ń dán agbára rẹ̀ wò lára gbogbo ọ̀rọ̀. Àṣìṣe náà kò tilẹ̀ pọ̀ tó bí etí ṣe ń rò ó. Ní 1992, Gary Marcus, Steven Pinker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ 83 wò. Nǹkan bí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n ń fi -ed bọ olóríkunkun lẹ́nu, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú ogójì. Mọ́kàndínlógójì tó tọ́ kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tí a kì í fi rántí wọn.

Báwo ni ọpọlọ ṣe ń ṣe é? Èrò Pinker, tó ṣàlàyé ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ Words and Rules ní 1999, ni pé irinṣẹ́ méjì ló wà. Ẹ wo ìyá tó ń ta oúnjẹ ní Mile 12. Kọ́ńgò rẹ̀ kì í béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n: ẹ̀wà, gàrí, ìrẹsì, ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń wọ̀n, títí kan ọjà tí ìyá náà kò tà rí. Òfin -ed nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ ẹ́ lówó kò ṣeé fi kọ́ńgò wọ̀n. Ó ní láti mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn, orúkọ wọn, iye tó wà lọ́rùn wọn. Ẹni tó ń yà lójoojúmọ́ kò lè ṣì í mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Bí a ṣe ń rántí olóríkunkun nìyẹn. Pinker ní bí a bá fẹ́ sọ àná come, ìrántí àti òfin á jọ gbéra. Bí ìrántí bá tètè rí came, á dí òfin lọ́nà. Bí ó bá pẹ́, bí ó ṣe máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọdé tí kò tíì gbọ́ came tó, òfin á ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, comed á sì ti bọ́ sí ìta. Ẹ̀rí kan tó gbe èrò yìí lẹ́yìn ni pé ó máa ń pẹ́ lẹ́nu àgbàlagbà kó tó sọ àná olóríkunkun tí kò wọ́pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní ti onígbọràn, wíwọ́pọ̀ tàbí àìwọ́pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìyàtọ̀.

Àwọn kan ní irinṣẹ́ kan ṣoṣo tó. Ní 1986, David Rumelhart àti James McClelland kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sórí kọ̀ǹpútà, wọn kò fi òfin kankan sí i, wọn kò sì fún un ní ìwé atúmọ̀. Ìsopọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, tó ń lágbára tàbí tó ń dẹ̀ bó ṣe ń rí àpẹẹrẹ. Wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́wàá, wọ́n fi 410 kún un, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àṣìṣe tí ọmọdé ń ṣe, ó tún wá bọ́ nínú rẹ̀. Ariwo ta. Ní 1988, Pinker àti Alan Prince tú u palẹ̀: wọ́n ní àṣìṣe náà kò ní ṣàìwá nígbà tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ṣàdédé da 410 lé mẹ́wàá lórí, ọmọ kankan kì í sì í gbọ́ èdè bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún tọ́ka sí i pé nígbà tí wọ́n bi í ní àná mail, membled ló sọ. Kò sí ọmọ Ìṣẹ̀rì tàbí ti London tó máa sọ irú rẹ̀. Ìdílé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ni AI tí a ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lónìí ti wá, àwọn ìran rẹ̀ tuntun sì ti borí púpọ̀ nínú àléébù náà, bí Christo Kirov àti Ryan Cotterell ṣe fi hàn ní 2018. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀rọ lè ṣe nǹkan kò túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti ẹran-ara ṣe ń ṣe é. Ó di dandan ká lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní 1861, ní Paris, Paul Broca yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tan ni ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Apá iwájú ọpọlọ, lọ́wọ́ òsì, ló ti bàjẹ́. Ní 1874, Carl Wernicke ní Jámánì ṣàpèjúwe irú àwọn mìíràn: ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn geerege, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ti dàrú, ibi tó bàjẹ́ sì wà lẹ́yìn, nítòsí etí òsì. Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu apá òsì ọpọlọ, ibi tó bọ́ sí ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò kù síni lẹ́nu.

Michael Ullman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè -ed lọ bá irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997. Ìdánwò náà rọrùn: wọ́n á sọ ohun tí ènìyàn kan ń ṣe lójoojúmọ́, aláìsàn á wá parí gbólóhùn tó sọ pé ó ṣe é lánàá pẹ̀lú. Àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé Alzheimer, tó máa ń ba ibi tí ìrántí wà jẹ́, ló ń kọsẹ̀ lórí olóríkunkun. Bí dig bá dé, wọ́n lè sọ digged, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì look. Àwọn tó ní àrùn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì ń mú ẹsẹ̀ wúwo, ní ìṣòro òdìkejì. Inú ọpọlọ nísàlẹ̀, ní àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní basal ganglia, ni àrùn yẹn ti ń jà, níbi tí kẹ́míkà ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine ti ń gbẹ. Àwọn yẹn ń rántí dug, àmọ́ -ed máa ń sọnù lẹ́nu wọn.

Ẹni tó bá ní iyèméjì nípa bí ara àti ọ̀rọ̀ ṣe sún mọ́ra wọn tó, kó wo ẹgbẹ́ kẹta. Àrùn Huntington náà ń ba basal ganglia jẹ́, àmọ́ lọ́nà tí ara kì í fi lè dúró jẹ́ẹ́ mọ́: ọwọ́ á máa fò, èjìká á máa mì láìjẹ́ pé onítọ̀hún fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn aláìsàn yìí ń fi -ed kún ibi tí kò yẹ. Wọ́n ń sọ walkeded. Wọ́n ń sọ dugged. Ọwọ́ wọn ń ṣe àṣejù, gírámà wọn náà ń ṣe àṣejù.

Láti ibẹ̀ ni Ullman ti dá àbá pé oríṣi ìrántí méjì tí ọpọlọ ti ń lò fún iṣẹ́ mìíràn ni èdè yá lò. Ọ̀kan ni ìrántí ohun tí a mọ̀, bí orúkọ ìlú tàbí ọjọ́ ìbí ọmọ. Èkejì ni ìrántí ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe, bí irun dídì tàbí kẹ̀kẹ́ gígùn, tí ọwọ́ ti mọ̀ débi pé ẹnu kò lè ṣàlàyé rẹ̀ mọ́. Went wà nínú ti àkọ́kọ́. -Ed wà nínú ti èkejì.

Ó dára bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára jù. Marc Joanisse àti Mark Seidenberg fi kọ̀ǹpútà hàn ní 1999 pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó ní apá ìró àti apá ìtumọ̀ lè mú irú àbájáde kan náà wá. Bí wọ́n bá ba apá ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́, olóríkunkun ló ń jìyà. Bí wọ́n bá ba apá ìró jẹ́, irú ọ̀rọ̀ bíi rick ló ń jìyà jù. Ní 2003, Helen Bird àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo wa ti rí tẹ́lẹ̀. Onígbọràn Gẹ̀ẹ́sì ṣòro láti pè ju olóríkunkun lọ. Ẹ pe walked, kí ẹ pe came. Ìparí walked ní ìró k àti t tó gun ara wọn lẹ́yìn, came fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí ìró wọn wúwo bákan náà fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ba iwájú ọpọlọ wọn jẹ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín onígbọràn àti olóríkunkun lọ́dọ̀ wọn pòórá. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ láàyè kò sì yanjú ìjà náà. Jeri Jaeger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀kan nínú wọn, PET, ní 1996, wọ́n rí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn alátakò ní ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n to onígbọràn sójú kan, wọ́n to olóríkunkun sójú kan, tí ẹni tó ń dáhùn fi lè máa retí ohun tó ń bọ̀.

Tèmi ni pé ọ̀nà méjì wà, ṣùgbọ́n kò sí ògiri láàárín wọn. Ọpọlọ ń tọ́jú, ó sì ń tò pọ̀, ó tún ń tọ́jú ohun tó ti tò pọ̀ bí ó bá ń bá a pàdé lemọ́lemọ́. Ẹni tó sọ pé òfin nìkan ni onígbọràn kò ronú nípa bí ẹnu ṣe ń gbé e, ẹni tó sì sọ pé òfin kò sí rárá kò tíì dáhùn fún ẹni tó ń sọ walkeded.

Gbogbo èyí, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nídìí rẹ̀. Elédè Yorùbá lè béèrè pé èwo ló kan òun níbẹ̀. Lọ ni lọ. Mo lọ lánàá, mò ń lọ, mo ti lọ, màá lọ: ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò mira, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, bí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe to wọ́n lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ ti 1966. Pijin ọjà náà gba ọ̀nà yìí: I dey go, I don go, I go go. Àmọ́ ẹni tó bá tìtorí èyí sọ pé Yorùbá kò ní onígbọràn àti olóríkunkun kò tíì fetí sí ẹnu ara rẹ̀.

Ká ní mo sọ fún yín pé bàbá kan mọ bí wọ́n ṣe ń kùgbà. Ẹ kò gbọ́ ọ rí, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ báyìí ni. Kí ni orúkọ iṣẹ́ tó ń ṣe? Kíkùgbà. Kò sẹ́ni tó kọ́ yín. Lọ di lílọ, jẹ di jíjẹ, ọmọ tó ń gba orin sórí fóònù á sì sọ pé dídánlóòdù rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Òfin àpètúnpè yìí kò béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Òfin mìíràn tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé a ń ṣe é. Mo rà á, ṣùgbọ́n mo ra iṣu. Ó tà á, ṣùgbọ́n ó ta ata. Wọ́n kà á, ṣùgbọ́n wọ́n ka ìwé. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gbéra sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mira níwájú arọ́pò-orúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń ṣe é láìsí olùkọ́.

Àwọn olóríkunkun wa ńkọ́? Màmá wà nílé. Bí ó bá ti jáde, ẹ kò ní sọ pé kò wà nílé, kò sí nílé lẹ máa sọ. Ìwé ni, bí kì í bá ṣe ìwé, ìwé kọ́. Wà sọnù, sí gba ipò rẹ̀. Ni sọnù, kọ́ gba ipò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí go ṣe sọnù tí went gba ipò rẹ̀. Kò sí òfin tó lè mú ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀, àfi kó ti gbọ́ ọ kó sì rántí. Ẹ sì wo irú ọ̀rọ̀ tó ń ṣorí kunkun lọ́dọ̀ wa: wà àti ni, tó ń ṣe iṣẹ́ tí be ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì wà lára àwọn tí ẹnu wa ń gbé jù lójúmọ́. Ohun tí wọ́n rí ní Harvard nípa lílò kò jìnnà sí èyí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí kíláàsì. Ìró Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Ìdí nìyẹn tí bread fi di búrẹ́dì, tí tank fi di táńkì. Etí tí irú èdè bẹ́ẹ̀ tọ́ kì í tètè mú t kékeré tó wà lẹ́yìn walked, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ kì í tètè gbé e. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá kọ “yesterday we walk to school,” kì í ṣe pé kò mọ̀ pé àná ti kọjá. Came àti sang yí padà láàárín, níbi tí fáwẹ̀lì wà, ibi tí etí Yorùbá ti mú jù. Èmi gbà pé èyí ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kan tètè mọ olóríkunkun ju onígbọràn lọ. Ullman fúnra rẹ̀ ti jiyàn pé ẹni tó kọ́ èdè kejì lẹ́yìn ìgbà èwe máa ń kọ́kọ́ há onígbọràn sórí bí ẹni ń há went, kí lílò ojoojúmọ́ tó sọ ọ́ di ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lílò ni, kì í ṣe ẹgba. Bí ọmọ bá ṣì í, ẹ tún un sọ fún un bó ṣe tọ́ nínú èsì yín, kí ìtàkùrọ̀sọ máa lọ. Tábìlì go-went-gone tí wọ́n ń há sórí ṣáá láìlò ó nínú gbólóhùn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá ilé ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò gbẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ló kù, òun ló sì ń ká mi lára jù. Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àrùn ìgbàgbé. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ síwájú. Àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n ṣe ìbéèrè wọn ní Yorùbá, lọ́nà tí ẹni tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí lè gbà dáhùn láìjẹ́ pé àìmọ̀wé rẹ̀ ni wọ́n ń dán wò. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dọọdún lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 2.52 lára àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Bí wọ́n bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì bi àwọn àgbà Ìdíkàn ni, kò sí bí wọn kò ṣe ní ka ọlọ́gbọ́n mọ́ àwọn tó ti ń gbàgbé.

Ohun kan náà ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan. Ìdánwò -ed kò lè sọ ohunkóhun nípa ìyá tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi gbé ayé rẹ̀, àmọ́ èdè rẹ̀ ní irinṣẹ́ tó lè ṣe irú iṣẹ́ náà: kí wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò sí, kó sọ ọ́ di orúkọ, kí wọ́n sọ pé Táyé wà nílé, kó sọ òdìkejì rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ bóyá ohùn rà ṣì ń gbéra níwájú iṣu. Àwọn onímọ̀ èdè ní yunifásítì wa àti àwọn dókítà ọpọlọ lè jókòó pọ̀ ṣe é, kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán àwọn tí ara wọn le wò, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì mú bàbá tàbí ìyá yín lọ sílé ìwòsàn nítorí irú àìsàn yìí, ẹ sọ fún dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀ irú èdè tí wọ́n ń sọ nílé, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi èdè náà dán wọn wò.